Àwọn Awakọ̀ Ìyẹ́ Aṣọ Lórí Òkè Kwahu

Ní àsìkò ọdún Àjíǹde, láti Ọjọ́ Ẹtì Rere títí di ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé Àjíǹde, Ghana Tourism Authority, ìyẹn àjọ tó ń rí sí ìrìn-àjò afẹ́ ní orílẹ̀-èdè Gánà, a máa ṣí òkè Odweanoma ní ìlú Atibie, ní agbègbè Kwahu, sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ fò kúrò lórí òkè láìsí ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n sì balẹ̀ sí pápá ìṣeré ìlú Nkawkaw tó wà nísàlẹ̀. Ọdún 2005 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Jake Obetsebi-Lamptey jẹ́ mínísítà tó ń bójú tó ìrìn-àjò afẹ́, Ghana Tourist Board sì ni orúkọ tí àjọ náà ń jẹ́ nígbà náà, kí òfin ọdún 2011 tó sọ ọ́ di ohun tó jẹ́ lónìí. Àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà kò jẹ́ kí ó wáyé ní 2020 àti 2021, ṣùgbọ́n ó padà wá. Nínú àwọn ètò ìjọba fún fífò láti orí òkè ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, òun ni òkìkí rẹ̀ kàn jù, ó sì yẹ kí àwọn ará Ìbàdàn, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ tàbí tí wọ́n ti wo fídíò rẹ̀ lórí fóònù, mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, pàápàá iṣẹ́ àwọn awakọ̀ tí ẹ̀mí àwọn èrò wà lọ́wọ́ wọn.

Paragliding ni orúkọ eré náà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é yóò so ara rẹ̀ mọ́ ìyẹ́ ńlá kan tí wọ́n fi aṣọ ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rán, yóò sì sáré díẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè títí tí ìyẹ́ náà yóò fi gbé e. Ìpele aṣọ méjì ni ìyẹ́ náà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, wọ́n sì pín àárín wọn sí yàrá kéékèèké tí ẹnu wọn ṣí sílẹ̀ níwájú, tó fi jẹ́ pé atẹ́gùn tó bá wọlé ló ń mú kí aṣọ tó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ nílẹ̀ le, kí ó sì dà bí apá ọkọ̀ òfuurufú lójú ọ̀run. Okùn tín-ín-rín ló so ìyẹ́ mọ́ àga tí awakọ̀ fi bẹ́líìtì de ara rẹ̀ mọ́, okùn ìjánu méjì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀tún àti òsì, tó fi ń yí ìyẹ́ náà padà tàbí tó fi ń dín eré rẹ̀ kù. Kì í ṣe pé ìyẹ́ yìí ń já bọ́ wálẹ̀ bíi páráṣúùtì àwọn ológun, nítorí pé bí ó bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní mítà kan, yóò ti lọ síwájú tó mítà 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Hang gliding jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀: férémù irin fúyẹ́ ló na aṣọ ìyẹ́ tirẹ̀, ẹni tó ń fò sì máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja lábẹ́ rẹ̀, tí yóò sì máa darí rẹ̀ nípa títi ara rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ti hang gliding ń yára jù, ó sì ń lọ jìnnà jù, ṣùgbọ́n ó wúwo, orí mọ́tò ni wọ́n ń so ó mọ́, nígbà tí ti paragliding ń ká sínú àpò tí ènìyàn lè gbé kọ́ ẹ̀yìn, ìdí sì nìyí tí èyí àbúrò fi gba ipò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀.

Ìtàn eré méjèèjì gùn. Otto Lilienthal, ará Jámánì, fi ìyẹ́ tó fúnra rẹ̀ ṣe fò láìmọye ìgbà láti orí òkè kí ó tó já bọ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 1896, tó sì gbabẹ̀ kú. Ní ọdún 1963, John Dickenson ní Ọsirélíà so férémù ìdarí mọ́ ìyẹ́ aṣọ irú èyí tí Francis Rogallo, ará Amẹ́ríkà, ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lé lórí, láti ibẹ̀ sì ni hang gliding òde òní ti wá. Oṣù kẹfà ọdún 1978 ni àwọn ọkùnrin mẹ́ta, Jean-Claude Bétemps, André Bohn àti Gérard Bosson, tí wọ́n jẹ́ afò-láti-inú-bàálù, gbé páráṣúùtì onígun mẹ́rin wọn lọ sórí òkè Pertuiset ní Mieussy, láàárín àwọn òkè Alps ní ilẹ̀ Faransé, láti wò ó bóyá wọ́n lè gbéra láti ilẹ̀ láìsan owó bàálù. Ó ṣeé ṣe, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ sì gbà pé wọ́n ti bí paragliding. Nígbà tó fi máa di 1989, wọ́n ti ń du ipò ẹni tó mọ̀ ọ́n jù lágbàáyé ní Kössen ní ilẹ̀ Austria, lábẹ́ FAI, àjọ àgbáyé fún eré òfuurufú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1905.

Ohun tó mú kí Kwahu bá eré yìí mu kò ṣẹ̀yìn bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí. Etí ilẹ̀ gíga Kwahu dà bí ògiri tó kọjú sí gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn, ibẹ̀ gan-an sì ni afẹ́fẹ́ olómi tó ń fẹ́ láti orí òkun Àtìláńtíìkì máa ń forí sọ, tí kò sì ní ọ̀nà mìíràn ju kí ó gòkè lọ. Láti orí Odweanoma dé Nkawkaw, ìsọ̀kalẹ̀ náà ju ìlọ́po mẹ́ta gíga Ilé Kòkó tó wà ní Dùgbẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ilé alájà 26 tó ga tó mítà 105 ni Ilé Kòkó. Agbára kejì ni ooru. Ẹni tó bá gbójú sókè ní Dùgbẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ ẹ̀rùn yóò rí àwòdì tó ń yípo lókè páànù ilé àti títì ọlọ́dà láìju apá rárá, tó sì ń ga sí i. Atẹ́gùn gbígbóná tó ń dìde láti ilẹ̀ ló gbé e, òun náà ni awakọ̀ paragliding máa ń wá kiri kí ó tó lè pẹ́ lókè. Bákan náà, àsìkò Àjíǹde ni àwọn oníṣòwò ọmọ Kwahu máa ń fi Accra sílẹ̀ wá sílé, bí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú ṣe ń ṣe nítorí Ojúde Ọba, nítorí náà èrò ti wà nílẹ̀ kí ìjọba tó mú ìyẹ́ aṣọ dé.

Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ń fò ní Kwahu ni kò fò rí. Ìfò elénìyàn méjì ni wọ́n ń ṣe, níbi tí èrò wà níwájú, tí awakọ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀, tí ìyẹ́ kan ṣoṣo tó tóbi ju ti ẹnì kan lọ sì gbé àwọn méjèèjì. Iṣẹ́ awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀, kì í ṣe lókè. Yóò tẹ́ ìyẹ́ náà sílẹ̀, yóò fi ọwọ́ ya àwọn okùn sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ìkankan má baà lọ́, yóò dé èrò ní akoto, yóò fa bẹ́líìtì itan rẹ̀ méjèèjì wò, yóò wo ìkọ́ irin tó so àga pọ̀ mọ́ okùn, yóò sì rí i dájú pé páráṣúùtì ìpamọ́, tí wọ́n ń jù síta bí ìyẹ́ bá bàjẹ́ lókè, wà ní ipò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ fún èrò pé kí ó sáré, kí ó má sì dáwọ́ eré dúró títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi máa sá lófuurufú. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èrò jókòó nígbà tí ilẹ̀ ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, torí pé ara rẹ̀ yóò fa àwọn méjèèjì wálẹ̀ kí ìyẹ́ tó gbà wọ́n, awakọ̀ ni yóò sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé ẹrù ẹni méjì.

Bí ó ti wù kí ọwọ́ awakọ̀ dán tó, ìwé àṣẹ rẹ̀ kò tó bí ìpinnu rẹ̀. Yorùbá a máa wí pé àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá, ṣùgbọ́n ní ibi ìgbéra paragliding, afẹ́fẹ́ tó bá ń ti ẹ̀yìn wá kò mú iṣẹ́ kankan yá, ó ń pa ni lára. Iwájú ni afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ ti máa fẹ́, kí ó má sì le jù, nítorí pé nǹkan bíi kìlómítà 35 sí 40 láàárín wákàtí kan ni ìyẹ́ náà ń sá, bí afẹ́fẹ́ bá sì yára tó bẹ́ẹ̀, yóò gbé e padà sẹ́yìn òkè. Nítorí èyí ni ẹnì kan fi máa ń wà ní gbogbo ibi ìgbéra tó létò, tó ń wo àsíá àti ewé igi, tó sì ní àṣẹ láti ti òkè pa, bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn tilẹ̀ ti sanwó tí wọ́n sì tò sílẹ̀. Ipò tó nira ni, nítorí pé èrò kò ní rí ewu tí òun rí, bẹ́ẹ̀ kò sí ipò tó ṣe pàtàkì tó o lórí òkè náà.

Oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, tí Àjíǹde máa ń bọ́ sí, wà lára àwọn oṣù tí ìjì ńlá máa ń jà jù ní ilẹ̀ wa. Irú ìjì bẹ́ẹ̀ máa ń tò bí ìlà gígùn, tó ń rìn láti ìlà-oòrùn wá sí ìwọ̀-oòrùn, ní ìdàkejì afẹ́fẹ́ òkun, ẹ̀fúùfù rẹ̀ sì máa ń ṣáájú òjò. Ará Bódìjà tàbí Challenge tí ìjì ti ká páànù ilé rẹ̀ lọ kò nílò àlàyé. Fún ẹni tó wà lábẹ́ ìyẹ́ aṣọ, ìkùukùu dúdú tó ń gbé ìjì náà wá lè fà á sínú. Ní oṣù kejì ọdún 2007, ìjì gbé Ewa Wiśnierska, ará Jámánì, nítòsí Manilla ní Ọsirélíà, dé gíga tó ju mítà 9,900 lọ, níbi tí ó ti dákú nínú òtútù, tí yìnyín sì bò ó. Ó yè é, ṣùgbọ́n ìjì kan náà pa awakọ̀ mìíràn, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà. Awakọ̀ tó bá ti ibi tí òjò kì í ti í dédé ṣú wá gbọ́dọ̀ kọ́ ojú ọjọ́ ilẹ̀ wa lọ́tọ̀.

Ibí yìí ni àléébù ètò Kwahu wà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti ń wá láti òkè òkun, wọ́n ń gbé ìyẹ́ wọn wá fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n sì ń gbé e lọ. Àjọ̀dún náà mú owó wá fún onílé ìtura àti ọlọ́jà, èyí kò ṣeé fojú kéré, ṣùgbọ́n àwọn òkè Alps kò di ojúlé eré yìí nítorí àjọ̀dún. Ẹgbẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ BHPA, tó ń bójú tó hang gliding àti paragliding níbẹ̀, ní ìpele tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ gùn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó lè gbé èrò lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbéra.

Ìlú Ìbàdàn kò ní òkè tó ga tó fún irú eré yìí, wáyà iná sì pọ̀ jù láti Ring Road dé Agbowó. Ṣùgbọ́n Ìdànrè wà, Adó-Àwáyè wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀, àwọn olùfẹ́ ìrìn-àjò afẹ́ yóò sì máa wò ó pé òkè ni òkè. Kò rí bẹ́ẹ̀: ibi ìgbéra gbọ́dọ̀ ṣófo, kí ó kọjú sí afẹ́fẹ́, kí ibi ìbalẹ̀ sì wà níbi tí kò sí igi tàbí àpáta. Ìjọba tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ níhìn-ín, kí ó kọ́kọ́ pe NiMet, àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́, láti wọn afẹ́fẹ́ orí òkè náà fún odindi ọdún kan, kí ó gba àṣẹ lọ́wọ́ àjọ NCAA tó ń ṣàkóso ìrìn-àjò òfuurufú, kí ó sì rán ọ̀dọ́ ìpínlẹ̀ náà lọ kọ́ iṣẹ́ títí wọn yóò fi gba ìwé àṣẹ gbígbé èrò, kí ó tó kéde ọjọ́ àjọ̀dún kankan.