Omi Ha Long àti Àwọn Ọ̀rẹ́ Tí Ń Fi Ọkọ̀ La Á Kọjá

Lọ́dọọdún ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ láti onírúurú orílẹ̀-èdè ń gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n ń kó ara wọn jọ ní ọ̀rẹ́ mẹ́rin tàbí mẹ́jọ, láti lọ fi ọkọ̀ la omi Ha Long kọjá ní ilẹ̀ Vietnam, ní ìhà ìlà-oòrùn Éṣíà. Kì í ṣe òwò ni wọ́n bá lọ. Iṣẹ́ àrà tí òjò àti òkun ti ṣe sí ara òkúta ni wọ́n ń lọ wò. Ìrìn-àjò náà dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Nítorí náà ó yẹ kí a mọ bí wọ́n ti ń ṣe é, àti ohun tí í máa mú kí ó já sí ayọ̀ tàbí sí ẹkún.

BÍ OMI NÁÀ TI RÍ

Ha Long wà ní nǹkan bí máìlì 100 sí Hanoi, olú-ìlú Vietnam. Níbẹ̀ ni òkun ti ya wọ inú ilẹ̀, tí ó sì tẹ́ rẹrẹ bí ọ̀sà. Àwọn erékùṣù òkúta tí iye wọn sún mọ́ 2,000 ni ó yọrí láti inú omi náà. Ẹ̀gbẹ́ wọn dúró ṣánṣán bí ògiri, igbó sì hù sí orí wọn. Wọ́n dí ìgbì òkun lọ́nà, nítorí náà ni omi àárín wọn í máa pa rọ́rọ́ ní ọjọ́ tí ojú ọjọ́ bá dára.

Ìtumọ̀ Ha Long ni “ibi tí dírágónì ti sọ̀kalẹ̀”. Ìtàn àwọn àgbà ibẹ̀ sọ pé nígbà tí ọ̀tá ń gba ojú òkun bọ̀ wá jagun, ọ̀run rán ìyá dírágónì kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ láti gbèjà ìlú. Wọ́n tu òkúta iyebíye sínú omi, òkúta náà sì di erékùṣù tí ó dínà mọ́ ọkọ̀ ọ̀tá.

Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ní àlàyé tiwọn. Òkúta ẹfun ni òkúta náà, irú èyí tí à ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ìkarahun àwọn ẹ̀dá inú omi kó jọ ní ìsàlẹ̀ òkun, ó dì, ó sì di òkúta. Nígbà tí ilẹ̀ gbé òkúta yìí sókè, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, nítorí omi òjò a máa yọ́ òkúta ẹfun. Ibi tí òjò jẹ di àfonífojì àti ihò. Ibi tí ó ṣẹ́kù dúró bí òpó. Lẹ́yìn náà ni òkun kún, tí ó bo àwọn àfonífojì wọ̀nyí mọ́lẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé orí àwọn òkè nìkan ni a ń rí lónìí. Ní 1994 ni Àjọ UNESCO ka Ha Long mọ́ ohun-ìní gbogbo ayé.

BÍ ÌRÌN-ÀJÒ NÁÀ TI Ń LỌ

Àwọn ọ̀rẹ́ a wọ ọkọ̀ ilẹ̀ láti Hanoi dé èbúté, wọn a sì bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi. Àwọn tí owó wọn kò pọ̀ a dá owó jọ, wọn a sì pín yàrá lò. Ní àtijọ́, ìgbòkun ni ń gbé ọkọ̀ ibẹ̀ rìn. Lónìí ẹ̀rọ ni, ìgbòkun sì ti di ọ̀ṣọ́. Àwọn kan ń lo wákàtí díẹ̀ péré. Àwọn mìíràn a ju ìdákọ̀ró sí ibi tí ìjọba yàn, wọn a sì sùn mọ́jú lórí omi.

Wọn a wọ ihò àpáta ńlá tí à ń pè ní Sung Sot, èyí tí ó túmọ̀ sí ìyàlẹ́nu. Wọn a gun àtẹ̀gùn tí ó lé ní 400 dé orí erékùṣù Ti Top, níbi tí ojú wọn yóò ti tó omi náà yíká. Orúkọ Titov, ará Rọ́ṣíà tí ó fò yí ayé ká ní 1961, ni Ho Chi Minh fi sọ erékùṣù yìí nígbà tí àwọn méjèèjì jọ dé ibẹ̀ ní 1962. Wọn a sì fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ kékeré gba abẹ́ àpáta Luon kọjá, bọ́ sínú adágún tí òkè yí ká.

Títí di 2014 ni àwọn ìdílé apẹja ń gbé inú ilé tí ó léfòó lórí omi náà. Ní ọdún náà ni ìjọba kó wọn lọ sí orí ilẹ̀, kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ ìjì, kí ilé-ìwé sì lè súnmọ́ àwọn ọmọ wọn.

EWU TÍ Ó WÀ NÍBẸ̀

Ẹwà omi kò ní kí ó má gbé ènìyàn lọ. Ní ìdájí 17 Oṣù Kejì 2011, ọkọ̀ kan tí ó ti ju ìdákọ̀ró ní tòsí Ti Top rì nígbà tí àwọn èrò ń sùn lọ́wọ́. Ènìyàn 12 ni ó kú. Àjèjì tí wọ́n wá ṣèbẹ̀wò ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ní ọ̀sán 19 Oṣù Keje 2025, ìjì òjijì dojú ọkọ̀ kan tí ó ru ènìyàn 49 dé. Àwọn tí ó kú lé ní 30, àwọn ọmọdé sì wà lára wọn. Nínú afẹ́fẹ́ díẹ̀ tí ó há sí abẹ́ ọkọ̀ náà ni ọmọdékùnrin kan ti ń mí títí àwọn agbanilà fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Láti Oṣù Kẹfà dé Oṣù Kẹsàn-án ni ìjì pọ̀ jù. Ní Oṣù Kìíní àti Oṣù Kejì, kùrukùru a máa bo ojú omi. Nítorí náà ni àwọn tí ó mọ ibẹ̀ fi ń yan Oṣù Kẹwàá sí Oṣù Kejìlá, tàbí Oṣù Kẹrin àti Oṣù Karùn-ún.

OHUN TÍ ỌLỌ́GBỌ́N Ń ṢE

Kí ọkọ̀ tó ṣí, ọlọ́gbọ́n a wo ojú sánmà, a sì béèrè ohun tí àwọn aláṣẹ èbúté sọ nípa ojú ọjọ́. A gbé ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì wọ̀ sí ara. Kì í fi í ṣe ìrọ̀rí. A wo ibi tí ilẹ̀kùn wà, kí ó lè bá a nínú òkùnkùn. Àwọn ọ̀rẹ́ a ka iye ara wọn nígbà tí wọ́n bá wọlé àti nígbà tí wọ́n bá jáde, wọn kì í sì í rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀ nítorí àwòrán yíyà. Ẹni tí ó bá mu ọtí kì í bọ́ sínú omi. Wọn kì í sì í ju ike sí omi. Láti 2019 ni a ti fòfin de ike àlòsọnù nínú ọkọ̀ àwọn arìnrìn-àjò ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìdánwò tí ó tóbi jù ni ti ọjọ́ tí àwọn aláṣẹ bá ní kí ọkọ̀ má lọ. Owó ti jáde lọ́wọ́, ọjọ́ tí ó kù kò pọ̀, ojú sì ń ti olúkúlùkù láti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sọ pé kí wọ́n padà. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá lè wí fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n dúró ni ọ̀rẹ́ tòótọ́. Àwọn àgbà wí pé òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Òkúta Ha Long ti wà níbẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, yóò sì tún wà níbẹ̀ ní ọ̀la. Ẹ̀mí tí ó bá sọnù nínú omi kì í padà wá mọ́.