Pọ́ǹpù ẹja tó dákẹ́ lẹ́yìn tí iná dé: ẹ má tíì jù ú nù

Lóru ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iná lọ ní àdúgbò wa ní Àjàṣẹ́. Kì í ṣe nǹkan tuntun. A tan àtùpà, a fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara wa, a sì sùn lọ. Ó tó nǹkan bí agogo méjì òru kí iná tó padà dé. Gílóòbù tàn, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí, àwọn ọmọdé hó yèè lórí ẹní, gbogbo wa bá tún padà sùn. Ohun kan ṣoṣo ni kò jí: pọ́ǹpù kékeré tó ń yí omi ká nínú táńkì símẹ́ńtì tí mo fi ń sin ẹja lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí mo jáde ní ìdájí, àwọn ọmọ ẹja epìyà ti kún ojú omi, wọ́n ń la ẹnu. Púpọ̀ nínú wọn ti yí ikùn sókè.

Inú bí mi. Mo fa pọ́ǹpù náà yọ, mo jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn. Bàbá kan ní ilé kejì, tí àwọn náà ti ń sin ẹja láti ọjọ́ pípẹ́, ni wọ́n rí i níbẹ̀. Wọ́n gbé e wò, wọ́n mi orí, wọ́n ní: “Ọmọ mi, ta ló sọ fún ọ pé èyí ti kú?”

Mo ní: “Bàbá, ẹ má bínú, mo ti dán an wò. Ó kàn ń kùn ni, kò yí.”

Wọ́n ní: “Bó bá ń kùn, kò tíì kú nìyẹn. Nǹkan ló há a.”

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, pọ́ǹpù náà ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ẹja tó ti kú kò padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ohun tí Bàbá fi hàn mí, àti èyí tí mo kọ́ lẹ́yìn ìgbà náà, fún ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja nílé.

Irú pọ́ǹpù yìí kan náà ló wà nínú àpótí dígí tí àwọn kan ń kó ẹja aláràbarà sí ní pálọ̀, òun náà ló sì wà nínú táńkì àwọn tó ń sin ẹja díẹ̀ fún ọjà. Sísin ẹja kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa. Àwọn ará etí odò Wẹ̀mẹ̀ ti ń gbẹ́ kòtò ẹja láti ayé àwọn baba wọn. Ní Àjàṣẹ́ níbí, ilé-iṣẹ́ Songhai, tí Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, ń da ẹja sísìn pọ̀ mọ́ iṣẹ́ oko àti ẹran ọ̀sìn. Ohun tó jẹ́ tuntun fún ọ̀pọ̀ nínú wa ni ẹ̀rọ tó ń lo iná, ẹ̀rọ sì ní ìwà tirẹ̀.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Inú pọ́ǹpù yìí kò ní ohun púpọ̀. Apá kan jẹ́ wáyà kọ́pà tí wọ́n wé, tí wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù líle dì pa kí omi má baà kàn án. Apá kejì jẹ́ irin òòfà kékeré kan tó rí gbọọrọ bí ìka ọwọ́, tó jókòó sínú ihò, tó ń yí lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́. Abẹ̀bẹ̀ kékeré wà lórí òòfà náà. Bí iná bá wọ inú wáyà, òòfà á máa yí, abẹ̀bẹ̀ á sì máa ti omi jáde.

Wáyà kò fara kan òòfà rárá. Omi ló wà láàárín wọn, omi yìí ló ń tu ẹ̀rọ náà lára, òun náà ló dà bí epo tó ń mú kó yọ̀. Bí ẹ bá tan pọ́ǹpù náà níbi tí kò ti sí omi, yóò gbóná, yóò sì bàjẹ́ kíá. Àlàfo tó wà láàárín òòfà àti ihò rẹ̀ kéré gan-an. Bí ohun tí kò ju yanrìn lọ bá wọ ibẹ̀, ó tó láti dá a dúró.

Ohun tó ń há a

Ẹfun ni àkọ́kọ́. Omi kànga ibòmíràn ní ẹfun nínú, a ò sì lè fi ojú rí i. Ilẹ̀ wa ní òkúta ẹfun. Òun ni wọ́n ń gbẹ́ ní Onígbólò lágbègbè Pọ́bẹ̀ láti fi ṣe símẹ́ńtì. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá omi yín ní in, ẹ wo ìdí ìkòkò tí ẹ fi ń se omi lójoojúmọ́. Bí nǹkan funfun bá lẹ̀ mọ́ ọn, ohun kan náà ló ń lẹ̀ mọ́ inú pọ́ǹpù yín.

Níbí ni ọ̀rọ̀ iná tó lọ tó dé ti wọlé. Nígbà tí òòfà bá ń yí lọ́sàn-án lóru, yíyí rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹfun náà rí i dè. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ, òòfà á dúró jẹ́ẹ́, ẹfun àti ìdọ̀tí á sì dì í mú. Bí iná bá wá dé, agbára tí òòfà fi ń bẹ̀rẹ̀ kéré, kò lè já ara rẹ̀ gbà. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé lẹ́yìn tí iná bá lọ tó padà dé ni ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù máa ń kọṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ìdọ̀tí ni èkejì: irun, fọ́nrán okùn, koríko omi, yanrìn, ìgbín kéékèèké, oúnjẹ tí ẹja jẹ kù. Ẹ̀kẹta ni pé òòfà fúnra rẹ̀ lè wú. Bí ara rẹ̀ bá sán, omi á wọ inú irin, irin á dípẹtà, á sì wú títí yóò fi há sínú ihò. Ẹ̀kẹrin ni ọ̀pá tó kán tàbí tó ti jẹ.

Bí ẹ ṣe máa tú u

Kí ọwọ́ yín tó kan omi, ẹ yọ okùn iná pọ́ǹpù kúrò lára ògiri, àti ti gbogbo ohun mìíràn tó ń lo iná nínú táńkì náà. Pípa á lójú bọ́tìnnì nìkan kò tó. Iná ilé wa jẹ́ 220 vọ́ọ̀tì, ó sì ń gba inú omi kọjá. Ẹja tó kú, a lè rí òmíràn rà. Ènìyàn kò ní ìpààrọ̀.

Ẹ wo okùn iná náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá ti là, tàbí tí eku ti jẹ ẹ́, ẹ má ṣe tún pọ́ǹpù náà ṣe mọ́. Ẹ má fi táépù wé e kí ẹ tún gbé e padà sínú omi. Èyí ni kí ẹ jù nù.

Bí okùn bá dára, ẹ ṣí ọmọrí iwájú pọ́ǹpù. Àwọn kan ń yí díẹ̀ kó tó ṣí, àwọn mìíràn kàn ń fà jáde ni. Ẹ di abẹ̀bẹ̀ mú, kí ẹ fà á bọ̀ tààrà. Ẹ ó rí i pé ó dà bí ẹni pé nǹkan ń fà á padà: agbára òòfà ni, kò sí ìbẹ̀rù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má yí i lọ́rùn, ẹ má sì jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ irú wọn, ọ̀pá inú rẹ̀ dà bí àwo tánganran: ó le, ṣùgbọ́n ó tètè ń kán.

Bí kò bá fẹ́ jáde, ẹ má fi ọ̀bẹ gbún un. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ po fínígà, ìyẹn omi kíkan tí a ń dà sí sàláàdì, mọ́ omi ní ìlàjì sí ìlàjì, kí ẹ sì rẹ pọ́ǹpù náà sínú rẹ̀. Orí okùn tí ẹ ń kì bọ ògiri gbọ́dọ̀ wà níta, kó gbẹ. Bí ẹ kò bá ní fínígà, omi ọsàn wẹ́wẹ́ náà ń ṣe é. Bí ó bá ń yọ ìfófòó wẹ́wẹ́, ẹfun ló ń yòrò yẹn. Wákàtí kan lè tó. Bí ẹfun bá nípọn, ẹ fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fọ òòfà àti abẹ̀bẹ̀. Ẹ wé òwú mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fi nu inú ihò náà títí dé ìsàlẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹfun ń sá pamọ́ sí. Ẹ wo rọ́bà kéékèèké tó wà lórí ọ̀pá, kí ó má bọ́ dànù sínú omi ìdọ̀tí. Ẹ ṣan gbogbo rẹ̀ nínú omi mímọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí omi kíkan náà má baà kù síbẹ̀.

Bí ẹ bá tò ó padà, ẹ fi ìka yí abẹ̀bẹ̀ wò. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, abẹ̀bẹ̀ á kọ́kọ́ mì díẹ̀ kó tó gbé òòfà dání. Ẹ má rò pé ó ti bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, kí òòfà lè rí àyè bẹ̀rẹ̀ kó tó máa ti omi.

Ẹ dán an wò nínú garawa omi kí ẹ tó gbé e padà sọ́dọ̀ ẹja. Ẹ kọ́kọ́ rì í sínú omi, ẹ nu ọwọ́ gbẹ, kí ẹ tó fi iná sí i. Bí ó bá ń kùn tí kò yí, ẹ yọ iná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ tún un wò. Ẹ má fi í sílẹ̀ kó máa kùn lásán, wáyà inú rẹ̀ á jóná.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe

Ẹ má fi òróró tàbí epo mọ́tò sí i. Bí nǹkan bá há, epo ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kọ́kọ́ ronú kàn, ṣùgbọ́n epo á bo ojú omi, á sì pa ẹja lára. Ẹ má fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ ọ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má da omi Javel pọ̀ mọ́ fínígà tàbí omi ọsàn. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde láti inú àdàpọ̀ yẹn jẹ́ májèlé, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ìgbà tó ti kú lóòótọ́

Bí ẹ bá fi iná sí i tí kò kùn rárá, tí gílóòbù tàbí rédíò sì ń ṣiṣẹ́ lójú iná yẹn kan náà, a jẹ́ pé wáyà inú ti jó tàbí okùn ti já nínú. Wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù dì í pa. Ẹ má fọ́ ọ láti wá wáyà. Òmíràn ni kí ẹ rà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé òòfà ló wú tàbí ọ̀pá ló kán, òòfà àti abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ nìkan ló bàjẹ́. Ẹ mú èyí tó bàjẹ́ dání lọ sọ́jà, kí ẹ fi wé òmíràn ní gígùn àti ní sísanra, kí ẹ tó ná an.

Ẹja ń kọ́?

Bí ẹ ṣe ń tún pọ́ǹpù ṣe, ẹja kò ní dúró dè yín. Ìdájí ni afẹ́fẹ́ inú omi máa ń kéré jù, nítorí pé ní gbogbo òru, ẹja àti koríko omi ń mí, kò sì sí oòrùn tí koríko yóò fi ṣe òmíràn. Epìyà kò lè fara da èyí pẹ́ nínú táńkì tó kún. Àrọ̀ tó ti dàgbà lè yọjú gba afẹ́fẹ́ lókè omi, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò tíì ní agbára yẹn.

Ẹ mú igbá, ẹ máa bu omi táńkì, kí ẹ máa dà á padà láti òkè. Bí ó ṣe ń já lulẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń wọ inú rẹ̀. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ títí omi yóò fi máa yí padà, nítorí oúnjẹ tó bá kù yóò jẹrà, yóò sì tún gba afẹ́fẹ́ tó kù lọ́wọ́ wọn.

Kó má baà tún há

Ẹ gbé pọ́ǹpù sórí bíríkì, kó má jókòó sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ táńkì. Ẹ fi àwọ̀n tàbí fóòmù bo ẹnu ibi tó ń fa omi, kí ẹ sì máa fọ fóòmù náà. Ẹ tú pọ́ǹpù lẹ́ẹ̀kan lóṣù kí ẹ fọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi pa mọ́, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ sì gbẹ ẹ́. Èyí tí a bá fi omi pa mọ́ yóò há kó tó tún di ọjọ́ ìlò. Ẹ jẹ́ kí okùn iná rọ̀ sílẹ̀ ju ojú iná lọ kó tó gòkè, kí omi tó bá ń ṣàn lára okùn lè kán sílẹ̀ níbẹ̀ dípò kó wọ ojú iná.

Pọ́ǹpù tí mo jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn ṣì wà nínú omi títí di òní. Ṣùgbọ́n ohun kan ti yí padà nínú ilé wa. Bí iná bá lọ lóru tó sì padà dé, tí àwọn ọmọ bá hó yèè, n kì í tún sùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo máa ń mú tọ́ọ̀ṣì, mo máa ń lọ sẹ́yìnkùlé, mo máa ń wo ojú omi bóyá ó ń yí. Bí mo bá rí i pé ó ń yí, ìgbà yẹn ni mo tó gbà pé iná ti dé.