Wọ́n ní àwọn ń sanwó fún ẹni tó bá ka ìròyìn: Níbo lowó náà ti ń wá?

Láti ọjọ́ tí adẹ́mu ti ń gun ọ̀pẹ ní Ìlá-Ọ̀ràngún, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ rí pé ẹlẹ́mu ń sanwó fún ẹni tó wá mu ẹmu. Ẹni tó mu ún ló ń sanwó. Bí ẹlẹ́mu kan bá wá dìde lónìí, tó ní òun yóò máa fún oníbàárà ní náírà méjì lórí ife kọ̀ọ̀kan, ohun tí àgbàlagbà yóò kọ́kọ́ bi í ni pé níbo ló ti ń rí owó náà.

Ìbéèrè yìí gan-an ló yẹ kí àwọn òbí àti àwọn ìyá àgbà máa bi àwọn ọmọ tó ń wá tọrọ owó lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fi wọ ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n ń sanwó fún nítorí pé wọ́n ka ìròyìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àlọ́. Ní nǹkan bí ọdún 2018, òkìkí ìkànnì kan tí wọ́n ń pè ní NNU kàn káàkiri Nàìjíríà, pàápàá láàrin àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé yóò kọ́kọ́ san N1,600. Lẹ́yìn náà, wọn yóò máa kọ N50 sí orúkọ rẹ̀ ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá yọjú, wọn yóò sì kọ N2 sí i lórí ìròyìn kọ̀ọ̀kan tó bá kà. Ṣùgbọ́n bó bá mú ẹlòmíràn wọlé, N1,000 ni tirẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀ wo ìṣirò yìí. Ẹni tó bá gbára lé ìwé kíkà nìkan ní láti ka ìròyìn 800 kí N1,600 tó san tó padà sí i lọ́wọ́. Ẹni tó mú un wọlé ti gba N1,000 nínú owó náà. N600 ló kù sọ́wọ́ àwọn tó ni ìkànnì. Bí ọmọ náà bá sì yọjú fún ọjọ́ 12 péré, N50 ojoojúmọ́ ti jẹ N600 yẹn tán, kò tíì ka ìròyìn kankan o! Láti ọjọ́ kẹtàlá, owó ẹlòmíràn ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi san tirẹ̀.

Àwọn tó ń ṣètò irú nǹkan bẹ́ẹ̀ a máa sọ pé owó ìpolówó ọjà ni àwọn ń pín. Òótọ́ ni pé ìpolówó ọjà ló ń gbọ́ bùkátà ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn. Àmọ́ ẹni tó ń polówó ọṣẹ ń wá ẹni tí yóò ra ọṣẹ ni, kì í ṣe ẹni tó ṣí ojú-ìwé nítorí N2. Abájọ tí ilé-iṣẹ́ Google, tó ń gbé ìpolówó sórí ọ̀pọ̀ ìkànnì, fi kà á léèwọ̀ fún àwọn onífọwọ́sowọ́pọ̀ rẹ̀ láti sanwó fún èèyàn kí wọ́n lè wo ìpolówó.

Àwọn kan gba owó nínú ètò NNU, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ibi tí owó gidi wà ni ibi tí èèyàn ti ń kó èèyàn wá. Bí ọmọ kan ní Ìlá bá mú ẹni méjì wọlé, tí àwọn méjì yẹn náà mú ẹni méjì méjì wá, tí ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀, nígbà tí yóò bá fi di ìpele kẹtàdínlógún, gbogbo wọn yóò ti di 131,071. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìlá àti Ìfẹ́dayọ̀ lápapọ̀ kò ju nǹkan bí 100,000 èèyàn lọ nínú ìkànìyàn ọdún 2006. Ta ni ẹni tó wọlé kẹ́yìn yóò wá mú wá? Ṣé yóò ka ewúrẹ́ mọ́ wọn ni?

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dun ìlú kékeré ju ìlú ńlá lọ nìyí. Ní Èkó, èèyàn lè má mọ ẹni tó mú òun wọlé. Ní Ìlá, ní Òkè-Ìlá tàbí ní Ọ̀rà, ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹni ni, tàbí ẹni tí ẹ jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí ẹni tí ẹ jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan náà. Owó epo pupa àti owó gaàrí ló bá a lọ. Bí ìkànnì náà bá dákẹ́ lọ́jọ́ kan, kò sí ẹni tó fẹ́ fa ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá nítorí N1,600. Wọn yóò kàn máa wo ara wọn níwòkuwò níbi ìsọmọlórúkọ ni.

Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1859, owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kan. Òǹkàwé ló ń san án. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn lọ́dún 1955, ọ̀pọ̀ ọmọ tó kọ́kọ́ mọ̀wé nílé wọn di òǹkàwé fún gbogbo agbo ilé. Lẹ́tà àti ìwé ìròyìn, wọn a kà á sókè ketekete. Kò sẹ́ni tó san kọ́bọ̀ fún wọn, àfi bí ìyá oníyàá bá fún wọn ní àkàrà.

Àwọn òyìnbó náà ti dán an wò. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ AllAdvantage bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1999. Ó ń san sẹ́ǹtì 50 fún wákàtí kan tí èèyàn bá fi wo íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ìpolówó lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì ń san èrè fún ẹni tó bá mú èèyàn wá. Owó ìpolówó kò ká ohun tí wọ́n ń san. Lọ́dún 2001, wọ́n ti ìlẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ kíka ìròyìn yìí kò le tó ti MMM, tó ṣèlérí èrè ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, tó sì ti owó àwọn èèyàn pa ní oṣù Kejìlá ọdún 2016. Kò sì le tó ti CBEX, tó mú kí àwọn èèyàn ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni ẹni tó kẹ́yìn ń gbà jìyà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025 yẹn kan náà, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìdókòwò. Òfin náà sọ pé ẹni tó bá ń ṣe sogúndogójì lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 10, tàbí kó san owó ìtanràn tí kò dín ní mílíọ̀nù 20 náírà, tàbí kó fara gba méjèèjì.

Fún ọmọ tó bá fẹ́ ka ìròyìn ní tòótọ́, oṣù Kejì ọdún 2018, ọdún kan náà tí òkìkí NNU ń kàn, ni BBC ṣí ojú-ìwé Yorùbá tirẹ̀. Dátà orí fóònù nìkan ló ń náni. Bí ìyá àgbà bá fún ọmọ náà lówó dátà, ó lè ní kó kà á sókè fún òun náà.