Bí Tọkọtaya Bá Túká, Ta Ni Kóòtù Máa Gbé Ọmọ Fún?

Bí tọkọtaya bá túká ní Ìsánlú, nílẹ̀ Yàgbà ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ohun tí ẹbí ọkọ máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé bàbá ló lọmọ. Ẹbí ìyàwó á dáhùn pé ọmọ ò tíì dàgbà tó ẹni à ń gbà lọ́wọ́ ìyá. Àwọn àgbà á jókòó, wọ́n á sì dá a bí àṣà ṣe wí: ọmọ tó ṣì ń mu ọmú á wà lọ́dọ̀ ìyá, tó bá dàgbà díẹ̀, á padà sí agbo ilé bàbá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn nílẹ̀ Yàgbà gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Lójú òfin, kò parí síbẹ̀.

Ní 1989, irú ẹjọ́ yìí dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Nàìjíríà. Àwọn adájọ́ gbà pé nínú ọ̀pọ̀ àṣà ìbílẹ̀ wa, bàbá ló ni ẹ̀tọ́ àtigbé ọmọ sọ́dọ̀. Wọ́n wá ní ilé ẹjọ́ kò ní fọwọ́ sí ẹ̀tọ́ yẹn bó bá máa pa ọmọ lára. Ire ọmọ ló ṣáájú. Ó wù mí kí gbogbo olórí ẹbí gbọ́ ìdájọ́ yìí kí wọ́n tó jókòó ìpàdé.

Ohun tó ń da àwọn èèyàn láàmú jù ni kóòtù tí wọ́n máa gbé ẹjọ́ lọ. Irú ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe ló ń pinnu rẹ̀. Ẹni tó ṣègbéyàwó ní rẹ́jísìrì, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún níwèé àṣẹ, Ilé Ẹjọ́ Gíga ni tirẹ̀, òfin ìgbéyàwó ti 1970 ni adájọ́ á sì lò. Ẹni tí wọ́n gba owó orí rẹ̀ lásán á lọ sí Area Court, níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ ìbílẹ̀ àti ti Mùsùlùmí. Láti ìgbà tí míṣọ́nnárì Tommy Titcombe ti mú ìhìnrere dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908 ni ṣọ́ọ̀ṣì ti rinlẹ̀ ní Yàgbà, nítorí náà ọ̀pọ̀ rò pé àdúrà pásítọ̀ ti tó láti sọ ìgbéyàwó di tòfin. Bí ṣọ́ọ̀ṣì ò bá ní àṣẹ, tí wọn ò sì buwọ́ lu ìwé ẹ̀rí ìjọba, ìdána ilé nìkan ni òfin rí. Ẹ yọ ìwé yín nínú àpótí, kí ẹ kà á, kí ẹ tó wá lọ́yà.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tó ń ta gàrí ní Ìsánlú. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá. Wọ́n ti túká, ọmọ mẹ́ta sì wà lọ́dọ̀ obìnrin náà. Ọkùnrin náà ò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ mọ́. Ó ní àfi tí wọ́n bá kó àwọn ọmọ lọ bá ìyá òun. Tọ́rọ̀ bá dé kóòtù, adájọ́ á béèrè ẹni tó ń jí àwọn ọmọ lówùúrọ̀, ẹni tó ń gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, ibi tí wọ́n ń sùn, ẹni tó ń wò wọ́n lọ́jọ́ ọjà. Á béèrè ìwé owó oṣù bàbá. Rìsíìtì owó ilé ìwé, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àti àkọsílẹ̀ báńkì á ran ìyá náà lọ́wọ́ ju ẹkún lọ.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Ìpínlẹ̀ Kogí náà ti sọ di tirẹ̀, sọ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ kí òbí rẹ̀ gbọ́ bùkátà rẹ̀ bí agbára wọn bá ṣe mọ. Ọmọ fúnra rẹ̀ lè béèrè ẹ̀tọ́ náà ní kóòtù ẹbí. Bí ìyá náà bá ń rówó, á fi tirẹ̀ sí i. Lábẹ́ òfin 1970, kóòtù lè ní kí òbí máa san owó ìtọ́jú ọmọ títí ọmọ á fi pé ọdún 21. Ní Àbújá, níbi tí ọkùnrin yẹn ń gbé, òfin 2015 tó ń gbógun ti ìwà ipá tún lágbára ju èyí lọ: ẹni tó bá pa ọmọ tàbí ìyàwó tì láìsí ohun tí wọ́n á jẹ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí kó san owó ìtanràn tí kò ju ẹgbẹ̀rún 500 náírà lọ.

Àmọ́ owó oúnjẹ kì í ṣe owó ìwọlé téèyàn ń san kó tó rí ọmọ. Bí bàbá ò bá tíì san án, kí ìyá gbé e lọ sí kóòtù, kó má fi ọmọ pamọ́ fún un. Bí ìyá ò sì jẹ́ kí bàbá rí ọmọ, ìyẹn ò sọ pé kí ọmọ máa sùn lébi. Ọ̀ràn méjì ni, kóòtù á sì gbọ́ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ń dùn mí pé àwọn ọmọ ló ń jẹ ìyà ìbínú àwọn àgbà lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Tí bàbá àti ìyá ò bá fẹ́ra wọn nígbà tí wọ́n bímọ, òfin ọmọdé fi ojúṣe ọmọ sí ọwọ́ ìyá, àfi tí bàbá bá gba tirẹ̀ nípa àdéhùn tàbí àṣẹ kóòtù. Kí ẹnikẹ́ni má pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọmọ àlè láti fi du ohun tó tọ́ sí i. Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, abala 42, ti ka ìyẹn léèwọ̀.

Ìyá àgbà náà ò gbẹ́yìn. Òfin 1970 gbà kí adájọ́ fi ọmọ sọ́wọ́ ẹlòmíràn tí kì í ṣe bàbá tàbí ìyá, bí ìyẹn bá ṣe ọmọ lóore.

Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè lọ sí Legal Aid Council, tó wà fún àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kò ju owó oṣù tó kéré jùlọ lọ. National Human Rights Commission náà ń gba ẹ̀sùn àwọn tí wọ́n pa tì láìgba kọ́bọ̀.

Àṣẹ tí kóòtù pa kì í ṣe ti títí láé. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ bàbá, tàbí ìyá kó lọ sí ìlú mìíràn, ẹnikẹ́ni nínú wọn lè padà wá kí adájọ́ tún un gbé yẹ̀ wò. Ọmọ tí wọ́n sì fún ìyá rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta lè sọ tẹnu rẹ̀ tó bá pé mẹ́tàlá, nítorí òfin ọmọdé ní kí wọ́n jẹ́ kó sọ̀rọ̀ nínú ẹjọ́ tó bá kàn án.