Bàtà Òtútù fún Àwa Tí A Ń Ya Fídíò Níta: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

Lónìí, a ò ní sọ̀rọ̀ kámẹ́rà, a ò sì ní sọ̀rọ̀ iná. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ la fẹ́ sọ.

Àbúrò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Glasgow láti Ìbàdàn ló fi ohùn ránṣẹ́ sí wa. Ó ti rí iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta nínú oṣù Kìíní, ní etí adágún Loch Lomond, òun ni yóò sì dúró ti kámẹ́rà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bàtà wo ni kí n rà? Mo rí ọ̀kan tí wọ́n kọ digírì -40 sí lára. Ṣé ìyẹn ò ti tó?"

Àbúrò mi, ó lè má tó o. Jẹ́ kí n sọ bí èmi náà ṣe mọ̀.

Nígbà òtútù àkọ́kọ́ tí mo lò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo lọ ya eré bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé ní pápá kan lẹ́bàá Leeds. Mo wọ bàtà kanfáàsì, mo sì wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì léra wọn. Mo rò pé mo gbọ́n. Orí koríko tútù ni mo dúró sí. Nígbà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ abala kejì, n ò mọ̀ bóyá mo ṣì ní ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ara mi ń gbọ̀n, kámẹ́rà náà ń gbọ̀n, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo yà kò sì ṣeé lò. Ẹni tó ṣáájú jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Kí ló ń mú ẹsẹ̀ tutù?

Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ooru wá bá ẹsẹ̀. Bí òtútù bá mú wa, ara á fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ pọ̀, kí ooru lè dúró sí àyà àti ikùn. Ẹni tó ń rìn ṣì ń fi ìrìn dáná fún ara rẹ̀. Àwa tí a dúró sójú kan lẹ́yìn kámẹ́rà fún wákàtí méjì, kò sí ohun tó ń dáná fún wa.

Ohun mẹ́ta ló wá ń jí ìwọ̀nba ooru tó kù: omi láti ìta, òógùn láti inú, àti ilẹ̀ tí a dúró lé. Omi máa ń yára gba ooru lára èèyàn tó nǹkan bí ìlọ́po 25 ti afẹ́fẹ́. Ìdí nìyí tí òjò Manchester ní digírì 4 fi lè fìyà jẹ ẹsẹ̀ ju yìnyín gbígbẹ Minneapolis lọ.

Nọ́ńbà -40 tí wọ́n kọ sára páálí ńkọ́? Kò sí ọ̀nà kan ṣoṣo tí gbogbo àwọn tó ń ṣe bàtà ń gbà wọn nọ́ńbà yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ló sì gbà pé ẹni tó wọ̀ ọ́ ń rìn. Ẹ má fi owó yín tẹ̀lé nọ́ńbà náà nìkan.

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Bí wọ́n bá kọ water-resistant sí bàtà, ìrì àti òjò winniwinni ló lè dúró dè. Waterproof ni kí ẹ wá. Gore-Tex àti irú rẹ̀ jẹ́ awọ tín-ín-rín tó wà nínú bàtà: kì í jẹ́ kí omi wọlé, àmọ́ ó ń jẹ́ kí ọ̀rinrin òógùn jáde. Ẹ tún wo ahọ́n bàtà. Ó yẹ kí wọ́n ti rán an mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ sókè. Ibi tí rírán yẹn bá parí sí ni omi á gbà wọlé.

Bàtà òjò onírọ́bà kì í jẹ́ kí ẹ̀kán omi kan wọlé, àmọ́ òógùn náà kò ní rí ọ̀nà jáde. Èyí tí wọ́n fi neoprene tẹ́ inú rẹ̀ dára fún ẹrẹ̀ àti etí omi. Èyí tí kò ní nǹkan kan nínú, òtútù ni.

Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ níbi ìkọ́lé, tí wọ́n ní kí ẹ wọ bàtà aláàbò, ẹ wá àmì WR, tó fi hàn pé bàtà náà lódindi kì í gba omi, àti CI, tó fi hàn pé wọ́n ti dán àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ wò nínú òtútù. S3 nìkan kò ní kí gbogbo bàtà má gba omi.

Ooru àti àyè

Bí ẹ bá rí 200, 400 tàbí 800 gíráàmù lára bàtà, kì í ṣe ìwúwo bàtà. Ìwọ̀n ohun tó ń pa ooru mọ́ ni, fún mítà onígun mẹ́rin kan. Fún ẹni tó ń rìn kiri, 200 lè tó. Fún ẹni tó dúró sójú kan, èmi máa ń wá 400. Ẹ̀yin tó wà níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀, bíi Minneapolis, ẹ wá èyí tí inú rẹ̀ ṣeé yọ, kí ẹ lè máa sá a lálaalẹ́.

Àmọ́ bí bàtà bá fún ẹsẹ̀, gbogbo gíráàmù yẹn, òfo ni. Ó ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́. Àṣìṣe mi ní Leeds nìyẹn: ìbọ̀sẹ̀ méjì nínú bàtà tó ṣe wẹ́kú. Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ máa lò lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ lọ lọ́sàn-án, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ ìka lè jó nínú bàtà náà. Bí wọn ò bá lè jó, ẹ fi ìdajì nọ́ńbà kún un.

Ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn ni kí ẹ lò, kì í ṣe ti òwú. Òwú máa ń mu òógùn, á sì lẹ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Ẹ fi méjì mìíràn sínú àpò kámẹ́rà, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò oúnjẹ ọ̀sán.

Má dúró lórí ilẹ̀ lásán

Ẹ wá bàtà tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ nípọn. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró lórí nǹkan: apple box tó wà níbi iṣẹ́, páálí tí a tẹ́ pọ̀, tàbí ègé fóòmù tí àwọn tó ń sun inú àgọ́ ń lò. Kò wọ́n, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá gan-an

Ẹsẹ̀ lè bàjẹ́ láìjẹ́ pé omi dì. Ó ṣe àwọn ọmọ ogun nínú kòtò olómi nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ìwádìí láàárín àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lóde òní sì fi hàn pé irú ìpalára òtútù yìí máa ń mú àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ju àwọn aláwọ̀ funfun ẹgbẹ́ wọn lọ. Ìrora rẹ̀ lè wà fún oṣù, ó lè wà fún ọdún. Nítorí náà, bí ọ̀gá níbi iṣẹ́ bá ní, "Òtútù yìí ò le tó bẹ́ẹ̀," ara tirẹ̀ ló ń sọ.

Lára àwọ̀ dúdú, ó ṣòro láti fi ojú rí i pé ẹsẹ̀ ti yí àwọ̀ padà. Ohun tí ẹ ń mọ̀ lára ni kí ẹ fi ṣe àmì. Bí ẹsẹ̀ bá ń gún yín bí abẹ́rẹ́, tàbí tó ti kú, ẹ sọ fún wọn, ẹ wọlé. Ẹ bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ tútù, ẹ nu ẹsẹ̀ gbẹ, ẹ jẹ́ kó móoru díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fọwọ́ ra á, ẹ má nà án sí hítà, ẹ má kì í bọ omi gbígbóná. Ẹsẹ̀ tó ti kú lè jóná láìmọ̀. Bí kò bá padà bọ̀ sípò, ẹ pe 111 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Bí ẹ bá délé, ẹ yọ ìtẹ́lẹ̀ inú bàtà, ẹ ki ìwé ìròyìn bọ inú rẹ̀, kó gbẹ fúnra rẹ̀. Orí hítà máa ń la awọ, ó sì ń yọ gọ́ọ̀mù.

Nítorí náà, àbúrò mi ní Glasgow, fi -40 yẹn sílẹ̀. Ìka tó bá tọ́ sí imú la fi ń re imú. Bí owó rẹ kò bá pọ̀, ra bàtà ìrìn orí òkè tó jẹ́ waterproof, kó tóbi ní ìdajì nọ́ńbà, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn méjì àti ègé fóòmù kan. Ní etí adágún yẹn, ìyẹn á ṣe ọ́ lóore ju bàtà olówó ńlá tó fún ọ lẹ́sẹ̀ lọ.

Títí a ó fi tún pàdé, a ò ní fẹsẹ̀ kọ o.