Kí ni iṣẹ́ ihò, kòtò àti òrùka tó wà lára ọ̀bẹ àpò?

Ní Tamale, olú ìlú Ẹkùn Àríwá lórílẹ̀-èdè Ghana, ọ̀bẹ àpò tí wọ́n ń ká pọ̀ wúlò fún onírúurú iṣẹ́. Aránbàtà lè fi gé awọ, darandaran lè fi gé okùn, ẹni tó ń tún alùpùpù ṣe lè fi bó wáyà, ẹni tó jókòó ti iṣu sísun náà sì lè fi họ èpo rẹ̀ tó jóná.

Tamale kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì fún Yorùbá. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìgbòho àti Ṣakí ta aṣọ àti wọ́sìwọ́sì níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ìjọba Kofi Busia tó pàṣẹ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú máa lọ. Lára irú wọ́sìwọ́sì bẹ́ẹ̀ ni ọ̀bẹ àpò máa ń wà. Bí oníbàárà bá fẹ́ rà á, ojú rẹ̀ ló máa ń fi ìka tọ́ wò, bóyá ó mú. Àmọ́ àwọn nǹkan kéékèèké tí kò kà sí gan-an ló máa ń sọ bóyá ọ̀bẹ náà yóò gé òun fúnra rẹ̀.

Kòtò tó wà fún èékánná

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ irin ọ̀bẹ náà, nítòsí ẹ̀yìn rẹ̀. Kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tó rí bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Èékánná àtàǹpàkò ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún, kí ẹ lè ṣí ọ̀bẹ láì fọwọ́ kan ojú rẹ̀.

Nídìí ojú ọ̀bẹ, níbi tó ti fẹ́ wọ inú èèkù, ẹ tún lè rí àlàfo kékeré kan. Àlàfo yìí ló ń jẹ́ kí òkúta ìpọ́nbẹ dé gbogbo ojú ọ̀bẹ. Níbi tí kò bá sí, ìdí ọ̀bẹ á ku díẹ̀díẹ̀, nígbà tí iwájú rẹ̀ ṣì ń mú.

Ihò ara irin ṣóńṣó

Ní ọdún 1891 ni Karl Elsener, aláṣebẹ kan ní Ibach lórílẹ̀-èdè Switzerland, kọ́kọ́ kó ọ̀bẹ àpò fún àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ rẹ̀. Ọ̀bẹ, irin ṣóńṣó, irin ìṣí agolo àti screwdriver ló wà lára rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun náà nílò èyí tó kẹ́yìn láti tú ìbọn wọn.

Irin ṣóńṣó yẹn ní ihò lára lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Ojú abẹ́rẹ́ ni. Ẹ ki òwú bọ̀ ọ́, ẹ fi irin náà gún awọ já, kí ẹ wá fà á padà díẹ̀. Òwú yóò ta kókó fẹ́lẹ́ ní òdì kejì. Ẹ ti ìdí òwú kejì gba inú rẹ̀, kí ẹ tó fa irin jáde. Bí okùn sálúbàtà bá já lójú ọ̀nà, ẹ lè fi èyí rán an délé. Ní tèmi, kò sí ohun tó wúlò jù ú lọ lára ọ̀bẹ náà.

Lára irin ìṣígò, àlàfo kékeré kan wà fún bíbó wáyà. Ìkọ́ tó wà lẹ́yìn àwọn mìíràn wà fún gbígbé ẹrù tí wọ́n fi okùn dì, kí okùn má baà wọ àtẹ́lẹwọ́.

Kí ni kì í jẹ́ kí ọ̀bẹ pa dé mọ́ ìka?

Ibí ni ewu wà. Sípíríǹgì nìkan ló di ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ àpò mú. Kò tì í. Bí ẹ bá ń gé nǹkan, kò sí wàhálà, nítorí agbára yín ń ti ọ̀bẹ sí ìhà tó ń ṣí sí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ṣóńṣó orí rẹ̀ gún awọ tàbí rọ́bà líle, ó lè ká padà mọ́ ìka yín. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi máa ń dúró díẹ̀ ní ìdajì ọ̀nà nígbà tí ẹ bá ń pa wọ́n dé: wọ́n ń fún yín láyè láti gbé ìka kúrò.

Àwọn mìíràn ní ohun ìtìpa. Lára Opinel, ọ̀bẹ ilẹ̀ Faransé tí Joseph Opinel bẹ̀rẹ̀ ní 1890, òrùka irin kan wà lọ́rùn èèkù láti ọdún 1955. Bí ẹ bá yí i, ọ̀bẹ kò lè ká mọ́. Igi ni èèkù rẹ̀, igi sì máa ń wú lásìkò òjò, débi pé ọ̀bẹ kò ní fẹ́ jáde. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́: ẹ gbá ìdí èèkù náà mọ́ tábìlì, orí ọ̀bẹ yóò yọ.

Okapi ní òrùka tirẹ̀ lẹ́yìn. Ní 1902 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é ní Jámánì fún títà ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ Jámánì. Nígbà náà, Togo wà lára wọn, títí kan Yendi tó wà ní ìlà oòrùn Tamale. Láti 1988 ni wọ́n ti ń ṣe é ní South Africa. Eyín tó wà nídìí rẹ̀ ló ń dún bí ẹ bá ń ṣí i. Àyàfi tí ẹ bá fa òrùka náà, kò ní pa dé.

Ohun tí òfin sọ ní London

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin gbà kí ènìyàn mú ọ̀bẹ àpò tó ń ká pọ̀ rìn níta, bí ojú rẹ̀ kò bá ju ínṣì 3, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 7.62, lọ, tí kò sì ní ohun ìtìpa. Ohun ìtìpa tó ń dáàbò bo ìka ní Tamale ló ń sọ ọ́ di ẹ̀sùn ní London, bí ẹni tó mú un kò bá ní ìdí gúnmọ́. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún mẹ́rin. Nítorí náà, ẹni tó bá ń lọ kí ọmọ rẹ̀ lọ́hùn-ún lè kó ọ̀bẹ tí kò ní ìtìpa sínú àpótí tí yóò wọ abẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, kó sì fi Okapi sílẹ̀ nílé.