Ẹ Wo Èdìdì Kí Ẹ Tó Lo Oògùn

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí kò le, ṣùgbọ́n ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Àwa ará Pápá Àjàó mọ ìṣe ẹni tí ó lọ ra ẹ̀yà ara mọ́tò ní ọjà Ládìípọ̀. Yóò yí páálí sókè, yóò yí i sísàlẹ̀, yóò wò ó bóyá wọ́n ti tú u rí, kí ó tó sanwó. Ẹni yìí kan náà yóò ra oògùn fún ọmọ rẹ̀, yóò sì jù ú sápò láìwò ó. Bí ẹ̀yà mọ́tò bá jẹ́ ayédèrú, a lè dá a padà. Ta ni a ó dá ẹ̀mí ọmọ padà fún?

Kí ni iṣẹ́ èdìdì? Kò lè dí olè lọ́wọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tú àṣírí olè. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣe é lọ́nà tí kò fi ní ṣeé tún dì bí ó ti wà. Lébẹ́ẹ̀lì kan wà tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ lágbára ju bébà rẹ̀ lọ: bí a bá ṣí i, bébà yóò ya. Òmíràn a máa fi àmì sílẹ̀ lára páálí. Ọmọrí igo oògùn olómi a máa ní òrùka nísàlẹ̀, tí eyín tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ so mọ́ ọn. Nígbà àkọ́kọ́ tí a bá yí ọmọrí náà, eyín wọ̀nyí yóò kán, òrùka yóò sì kù sọ́rùn igo. Bí ẹ bá rí i pé ó ti kán kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹlòmíràn ti ṣíwájú yín débẹ̀.

Ohun búburú ni ó mú kí èdìdì gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní 1982, ní agbègbè Chicago ní Amẹ́ríkà, ẹnìkan tí a kò mọ̀ títí di òní fi májèlé sáyánáìdì sínú kápúsù Tylenol, èyí tí í ṣe parasitamọ́ọ̀lù bí irú èyí tí àwa náà ń lò. Ó dá wọn padà sórí pẹpẹ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ènìyàn 7 kú. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba Amẹ́ríkà ti pàṣẹ pé kí a máa di irú oògùn bẹ́ẹ̀ ní èdìdì. Tylenol sì padà sọ́jà pẹ̀lú èdìdì mẹ́ta: páálí tí a lẹ̀ pa, ọ̀rá tí ó fún ọrùn igo mọ́ra, àti bébà tí a lẹ̀ bo ẹnu igo lábẹ́ ọmọrí.

Ní ilẹ̀ wa, Àjọ NAFDAC dá ètò kan sílẹ̀ ní 2010. Lára páálí àwọn oògùn kan, ẹ ó rí ojú kékeré tí a fi nǹkan bò. Ẹ ó fi èékánná ha á, ẹ ó sì fi fóònù tẹ nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ bí páálí ti wí. Èsì yóò sọ bí oògùn náà bá jẹ́ ojúlówó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rà á tí ojú náà ti há tẹ́lẹ̀, ẹ má ṣe gbà á.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé èdìdì tí ó pé ti parí gbogbo ọ̀rọ̀. Ní ìparí 2008, àwọn ọmọ ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kú lẹ́yìn tí wọ́n mu My Pikin, oògùn eyín híhù tí a ṣe ní Èkó. Májèlé diethylene glycol, irú èyí tí ó máa ń wà nínú òróró bíréèkì mọ́tò, ni ó wọ inú rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti pò ó. Èdìdì kò lè fi èyí hàn. Ọmọ 84 ni ó kú. Májèlé yìí a máa pa kíndìnrín, ọmọ kì yóò sì lè tọ̀ mọ́. Bí ẹ bá rí irú èyí lára ọmọ tí ń lo oògùn, ẹ sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì mú igo náà dání. Nọ́ńbà tí wọ́n fi mọ ìgbà tí a ṣe oògùn wà lára lébẹ́ẹ̀lì; òun ni ìjọba fi ń mọ èyí tí wọn yóò kó kúrò lọ́jà.

Nítorí náà, ẹ ṣe báyìí. Èkíní, ẹ ra oògùn lọ́wọ́ apòògùn tí ó gbàwé ẹ̀rí, ẹ má ṣe rà á nínú mọ́lúè tàbí lórí àtẹ. Èkejì, ẹ yẹ èdìdì, nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí oògùn yóò kú wò níwájú ẹni tí ń tà á. Bí wọ́n bá ti ha ọjọ́ náà tàbí tí wọ́n lẹ òmíràn bò ó, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ gbọn oògùn oníyẹ̀fun tí a ń fi omi pò fún ọmọdé. Bí ó bá ti dì gbagidi, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rinrin ti wọ inú rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, ẹ tọ́jú páálí títí oògùn yóò fi tán.

Nígbà tí ó bá tán, ẹ ya páálí náà, ẹ sì fi omi rẹ lébẹ́ẹ̀lì kúrò lára igo. Bí a bá ta igo tí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ pé fún ẹni tí ń ra òfìfo igo, àwa ni a fún oníṣẹ́ ibi ní aṣọ tí yóò fi bo ìwà rẹ̀. Ojú l'alákàn fi ń ṣọ́rí. Ó dọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.